Ṣé pípa gbogbo ajá abúlé ni yóò lé àrùn dìgbòlugi lọ?

Àgbẹ̀ Alájá béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ibí yìí, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní abúlé wa tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹranko àti nípa ìlera bá wa dá sí kí a tó ṣe ohun tí kò ní ṣeé tún ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajá kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ rí wọ abúlé. Ó ń rìn tàgétàgé, àgbọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ láì dáwọ́ dúró. Ó gé ewúrẹ́ kan jẹ létí, ó sì bá ajá méjì wọ̀yá ìjà kí àwọn ọ̀dọ́ tó lù ú pa. Kò fi eyín kan ènìyàn kankan, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tí a pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, ohùn wa kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní kí a pa gbogbo ajá abúlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí ọkàn kálukú lè balẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn kò lè dáko láìsí ajá, nítorí ajá ní ń lé ẹranko tó ń jẹ irè oko, òun ní ń ta wá lólobó bí àlejò bá wọlé lóru, òun náà ni àwọn ọdẹ ń mú lọ sígbó. Ẹ̀yin náà mọ bí ajá ìgbèríko ṣe ń gbé: a kì í so wọ́n, a kì í há wọn mọ́ ọgbà, wọ́n ń rìn káàkiri láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó kàn jẹ́ pé a mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sùn sí ni. Púpọ̀ nínú wọn ni kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí.

Mo ní ajá, mo sì ní ọmọ kéékèèké nílé, nítorí náà n kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, yálà níhà ti ajá tàbí níhà ti ọmọ. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé pípa gbogbo ajá ni yóò fòpin sí àrùn dìgbòlugi? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ó tọ́ kí alájá kọ̀ọ̀kan máa ṣe, kí sì ni kí a ṣe sí ewúrẹ́ àti ajá méjèèjì tí a ti gé jẹ yìí?


Oníṣègùn Ẹranko dáhùn pé:

Ẹ kú ewu o. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá ní àwọn abúlé ni mo ń ṣe, mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbé igbésẹ̀ kankan. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ajá náà, ó jọ dìgbòlugi gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ọpọlọ rẹ̀ nìkan ni ìbá fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Àgbọ̀n tó já wálẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ajá tó bá ní àrùn yìí gbọ́dọ̀ máa sáré kiri, kí ó máa bu ohun gbogbo tó bá rí ṣán, ṣùgbọ́n oríṣi kejì wà tí ajá náà yóò kàn dákẹ́, tí ara rẹ̀ yóò máa rọ díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní lè gbé itọ́ ara rẹ̀ mì mọ́. Alájá a máa rò pé eegun ló há a lọ́fun, a sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni itọ́ yóò ṣe kan egbò tàbí ìhọra tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ èyí fún gbogbo ilé: ìbáà jẹ́ ajá, ìbáà jẹ́ ewúrẹ́ tàbí màlúù, ẹran tí kò lè gbé nǹkan mì, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́, rárá, pípa gbogbo ajá kì í lé àrùn yìí lọ. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù nítorí ọmọ wọn ló mú àwọn tó dá a lábàá sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ajá tán lónìí, iṣẹ́ tí ajá ń ṣe lóko kò tíì tán. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, ẹni tí ẹranko ń jẹ oko rẹ̀ yóò ti lọ mú ọmọ ajá wá láti abúlé mìíràn, ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́, tí ẹ kò sì mọ ohun tó ti bá pàdé níbi tó ti wá. Àwọn tó fẹ́ràn ajá wọn yóò gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ ìbátan ní abúlé kejì, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti kó àrùn, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé e dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ pàápàá yóò bá wọn kú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni odi tó dúró láàárín àrùn náà àti ọmọ yín.

Àwọn kan ti dán an wò ṣáájú yín. Ní 1997 ni àrùn yìí wọ erékùṣù Flores ní orílẹ̀-èdè Indonesia láti ara ajá tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá. Wọ́n pa ajá lọ́pọ̀lọpọ̀, àrùn kò lọ. Nígbà tí ó dé Bali ní orílẹ̀-èdè kan náà ní 2008, pípa ajá wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dojú kọ ọ́, síbẹ̀ ó ń tàn kálẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fún ajá ní abẹ́rẹ́ yíká gbogbo erékùṣù náà láti 2010 ni apá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ní Mẹ́síkò, láti nǹkan bí 1990 ni ìjọba ti ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, nígbà tó sì di 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Mẹ́síkò ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ti fòpin sí ikú ènìyàn láti ọwọ́ dìgbòlugi tí ajá ń kó ranni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ajá méje ó kéré tán nínú mẹ́wàá, èyíinì ni ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Nọ́ńbà yẹn ní ìdí. Bí a bá ṣírò rẹ̀ papọ̀, ajá kan tó ní dìgbòlugi kì í sábà kó o ran ajá tó pé méjì kí ó tó kú, nítorí náà, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá gé jẹ bá ti ní ààbò, àrùn náà kò ní rí ibi gbà lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ajá ìgbèríko kì í pẹ́ láyé, wọ́n sì ń bí púpọ̀: kí ọdún tó yí po, àwọn kan tó gba abẹ́rẹ́ yóò ti kú, ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun yóò sì ti dé tí kò gbà á. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí méje nínú mẹ́wàá, ààbò tó kù ní ìparí ọdún yóò ṣì ká àrùn náà lọ́wọ́ kò. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò ní tó, a jẹ́ pé ẹ ṣe làálàá yẹn lásán.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé kí ọmọ ajá pé oṣù mẹ́ta kí ó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn dára fún ajá tó ń gbé nítòsí oníṣègùn. Níbi tí àrùn ti wà, tí àwọn abẹ́rẹ́fúnni kì í sì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ẹ kó gbogbo ọmọ ajá wá, ẹ má fi èyíkéyìí sílé nítorí pé ó kéré, ẹ kàn rí i pé wọ́n tún un gbà nígbà tó bá yá. Ẹ tún mọ̀ pé abẹ́rẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún un: ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ààbò tó múlẹ̀ lára ajá tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, yóò tún un gbà, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò máa gbà á lọ́dọọdún tàbí lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò bá ṣe rí.

Nísinsìnyí, ajá méjèèjì yẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rìn káàkiri mọ́ láti òní lọ. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ rí, tí ìwé ẹ̀rí sì wà, kí wọ́n tún un gbà kíákíá, kí alájá há wọn mọ́lé, kí ó sì máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 45. Bí wọn kò bá gbà á rí, ìpinnu náà le: ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ẹranko yóò gbà yín níyànjú ni kí a pa wọ́n lọ́nà tí kò ní fìyà jẹ wọ́n, àfi bí alájá bá lè jẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sé wọn mọ́ ibi tí wọn kò ti ní kan ènìyàn tàbí ẹranko mìíràn fún oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ó dunni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ara ajá tí wọ́n gé jẹ lè dá ṣáká fún oṣù púpọ̀ kí àrùn tó yọ lára rẹ̀. Kí ẹ ya ewúrẹ́ náà sọ́tọ̀, kí ẹ má ṣe fún wàrà rẹ̀, kí ẹ má sì pa á jẹ, títí oníṣègùn ẹranko tó wà nítòsí yín yóò fi wá wò ó.


Nọ́ọ̀sì Ìgbèríko kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun, Dókítà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ti ènìyàn kún un. Àgbẹ̀ Alájá, ẹ ní ajá náà kò fi eyín kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wádìí rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ tó pa á ńkọ́? Ta ló gbé òkú rẹ̀, ṣé ó fi nǹkan bọ ọwọ́? Ta ló nu ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ kúrò létí ewúrẹ́ náà àti lára ajá méjèèjì? Bí itọ́ rẹ̀ bá kan ojú, ẹnu, tàbí ibi tó bó lára ẹnikẹ́ni nínú wọn, ilé ìwòsàn ni kí onítọ̀hún gbà lọ lónìí. Èyí tó bá kan awọ ara tí kò bó, tí kò ní egbò, kò lè ṣe nǹkan kan. Kí wọ́n kàn fọ̀ ọ́.

Àrùn yìí kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ rìn. Láti ojú ọgbẹ́ ló ti ń wọnú àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, á sì máa gba inú wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí àìsàn tó fara hàn. Ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó sì lè pẹ́ tó ọdún kan. Ibi tí ọgbẹ́ bá wà wà lára ohun tó ń mú un yá tàbí pẹ́. Ọgbẹ́ orí, ojú àti ọrùn ló súnmọ́ ọpọlọ jù, ibẹ̀ gan-an sì ni ajá máa ń gé ọmọdé jẹ, nítorí pé orí ọmọdé kò ga ju ẹnu ajá lọ púpọ̀. Àkókò tí àrùn náà fi wà lójú ọ̀nà yìí nìkan ni abẹ́rẹ́ fi lè gba ẹ̀mí là. Bí ó bá ti dé ọpọlọ, tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, tí ọ̀fun rẹ̀ ń fún pọ̀ nígbà tó bá fẹ́ mu, kò sí oògùn tí a ní lọ́wọ́ tó ń wò ó sàn, ikú ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo.

Nítorí náà, omi àti ọṣẹ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ sì ṣe é níbi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó wá ọkọ̀. Ẹ máa da omi sí ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ìṣẹ́jú 15 pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tí mo ti rí tó fọ̀ ọ́ ní wàràwàrà pọ̀ ju àwọn tó fọ̀ ọ́ débi tó yẹ lọ, nítorí náà kí ẹnì kan máa wo aago bí ẹlòmíràn ṣe ń fọ̀ ọ́. Ọ̀rá wà lára ohun tó bo kòkòrò àrùn náà, ọṣẹ a sì máa tú ọ̀rá náà, ìyẹn ló fi ń pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi oògùn apakòkòrò bí áyódíìnì sí i. Ẹ má fi ewé gígún, epo tàbí eérú dí i, ẹ má sì dì í pinpin.

Abẹ́rẹ́ tí ènìyàn ń gbà kì í ṣe tuntun. Ní July 1885 ni Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá gé jẹ, ní irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ náà kò sì kú. Èyí tí a ń lò lónìí dára ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wọ́n ń gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ keje, àti, gẹ́gẹ́ bí ètò tí ilé ìwòsàn bá ń lò, lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Bí eyín bá wọ ara, wọn yóò tún fi oògùn tó ń jẹ́ immunoglobulin sí ojú ọgbẹ́ gan-an, nítorí pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí ara tó ṣe ààbò tirẹ̀. Aláboyún lè gbà á, ọmọ ọwọ́ lè gbà á. Bí ó bá sì ti pẹ́ tí ajá ti gé ènìyàn jẹ, tí kò tíì gba nǹkan kan, kí ó ṣì lọ.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, tí nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ọmọdé a máa fi ọgbẹ́ pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pàṣán, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé òun ló lọ fi igi tọ́ ajá náà tàbí pé ó gba ibi tí a ní kí ó má gbà. Ẹ fi dá a lójú ṣáájú pé ẹni tó bá sáré wá sọ pé ajá gé òun jẹ, tàbí pé ó họ òun lára, kò ní jẹgba. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n má ṣe súnmọ́ ajá tó ń jẹun, ajá tó ń sùn, àti abo ajá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n má sì sáré bí ajá tí wọn kò mọ̀ bá ń bọ̀, kí wọ́n dúró gbọin-in, kí wọ́n má wò ó lójú, títí yóò fi kọjá.


Ọdẹ Àgbà kọ̀wé pé:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Abẹ́rẹ́ tí ẹ ń wí yìí, ibi tí wọ́n ti ń gún un jìnnà sí àwa tí a wà nínú oko. Ajá tí a fi ń ṣọdẹ kì í gbà kí àlejò fọwọ́ kan òun. Àwọn ajá tí kò ní alájá wá ńkọ́, ta ni yóò fà wọ́n wá? Bí kò bá tọ́ kí a pa gbogbo ajá, ṣé kò tọ́ kí a pa àwọn wọ̀nyẹn nìkan?


Oníṣègùn Ẹranko tún kọ̀wé pé:

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín lọ́wọ̀ púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tó jìn: kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kí ó máa gbé ajá lọ, àwa ló yẹ kí a wá. Ìgò abẹ́rẹ́ ajá sábà máa ń tó ajá mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, ọjọ́ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ó tún gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Selsiọ́ọ̀sì láti ibi tí wọ́n ti gbé e títí di ìgbà tí wọ́n bá fà á sínú abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi máa ń lọ́ra láti wá nítorí ajá kan tàbí méjì. Bí àwọn olórí abúlé yín bá kọ ìwé ránṣẹ́ pé ajá báyìí báyìí ni yóò péjọ sí ojú kan lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà yóò yàtọ̀. Kí ẹ pe àwọn abúlé tó yí yín ká mọ́ ọn, nítorí ajá kò mọ ààlà.

Ajá tó le: alájá fúnra rẹ̀ ni yóò mú un dání, kì í ṣe àwa, kí ó má sì rán ọmọdé. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ máa so okùn mọ́ ọn lọ́rùn fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó lè mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ náà, ẹ mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó apá méjì, kí ẹ ta á ní kókó tó ṣeé fà. Ẹ fi kókó náà yí ẹnu rẹ̀ po láti òkè, kí ẹ fà á mọ́ra, kí ẹ yí etí aṣọ náà gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì so ó lẹ́yìn etí rẹ̀ méjèèjì níbi tí kò ti lè fi ọwọ́ ha á kúrò. Kí ó máa lè fi imú mí dáadáa. Bí alájá bá ti fi apá gbá a mọ́ àyà, tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, awọ tó rọ̀ lẹ́yìn ọrùn ni a ó gbé sókè, abẹ́ rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀, yóò sì ti parí kí ajá náà tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ajá tí kò ní alájá: ajá tó bá ń fi àmì àrùn hàn, kò sí ẹni tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kó ọmọdé wọlé, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, bí ó bá sì di dandan kí ẹ pa á, ẹ má lù ú lórí, nítorí ọpọlọ rẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan òkú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè wá gbé e fún àyẹ̀wò, ẹ sin ín jìn. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn tó kàn ń rìn kiri, ohun tí mo ti rí ní abúlé púpọ̀ ni pé, bí a bá tọpasẹ̀ wọn lọ́wọ́ alẹ́, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ní ilé kan tí wọ́n ń gbà lọ. Ẹnì kan ló ń fún wọn lóúnjẹ, kò kàn fẹ́ gbà pé òun ló ni wọ́n ni. Ẹni náà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.


Ìyá Alájá kọ̀wé pé:

Ọ̀rọ̀ tí Dókítà fi parí yẹn ló mú mi dá sí i, nítorí èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí so kọ́. Ajá tó ń jẹun nílé mẹ́wàá, ajá ta ni? Bí ó bá gé ọmọ ẹnì kan jẹ, kò sẹ́ni tí yóò jáde wí pé èmi ni mo ni ín. Bí abẹ́rẹ́ bá dé, kò sẹ́ni tí yóò mú un lọ. Alájá ni ẹni tí a lè bi pé ibo ni ajá rẹ wà nísinsìnyí, tí yóò sì lè dáhùn. Bí ajá tí ẹnì kan ní bá ti pọ̀ ju èyí tó lè dáhùn fún lọ, wọ́n ti pọ̀ jù nìyẹn.

Abo ajá a máa lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 63, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọmọ márùn-ún, mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń gbà lọ ni àrùn ń bá wa wọlé. Wọ́n ń kó wọn dà sínú igbó, wọ́n ń pín wọn fún ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Nítorí náà, bí oníṣègùn bá wá fún abẹ́rẹ́, ẹ bi í bóyá ó lè tẹ akọ lọ́dàá, kí ó sì ṣiṣẹ́ abẹ fún abo kí ó má bímọ mọ́. Ajá ọ̀dá kì í fi ojoojúmọ́ rìn jìnnà tẹ̀lé abo mọ́, ìjà rẹ̀ láàárín ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa dín kù, bẹ́ẹ̀ ìjà ni àrùn náà ń gbà kọjá. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé kò kúrò lára rẹ̀. Títí dìgbà tí ìyẹn yóò fi ṣeé ṣe, nígbà tí abo bá ń wá akọ, ẹ sé e mọ́lé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní ọmọ ajá, kí ó jẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹ bá sì ń gbà á, ẹ béèrè káàdì náà.

Mo mọ̀ pé a kò lè so ajá oko mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì dára fún ajá bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ó bá alájá lọ sóko, kí ó sì bá a bọ̀, kí ó máa jẹun lójú kan ní àkókò kan náà, kí ó sì wà nínú ọgbà lóru. Àwọn ohun tó ń fa ajá káàkiri, bí òkú ẹran tí a jù sí gbangba àti ìdọ̀tí oúnjẹ tí a kò bò, ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ajá tí ẹ ń fún lóúnjẹ fúnra yín lójoojúmọ́ ni ẹ ó tètè mọ̀ bí ìwà rẹ̀ bá yí padà: gbígbó rẹ̀ ti há, ó ń sá pamọ́ sínú òkùnkùn, ó ń jẹ igi àti iyanrìn, tàbí ó ń gbó mọ́ yín bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ alájá kì í fẹ́ gbọ́. Bí ajá yín bá gé ènìyàn jẹ, ẹ má pa á, ẹ má tà á, ẹ má sì gbé e lọ fi pamọ́ fún ìbẹ̀rù ẹjọ́. Ẹ so ó mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko níbi tí oníṣègùn ti lè rí i. Ajá tí kòkòrò àrùn náà ti wà nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tó gé ènìyàn jẹ yóò ti ṣàìsàn tàbí kí ó ti kú kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ náà fi pé, ilé ìwòsàn lè dá abẹ́rẹ́ ẹni náà dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gé jẹ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Méjèèjì ni yóò jọ máa lọ.


Àgbẹ̀ Alájá tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo wá gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó pa ajá náà rí. Ọ̀kan nínú wọn ní ọgbẹ́ àdá lọ́wọ́, òun náà ló sì di ẹnu ajá náà mú nígbà tí wọ́n ń wọ́ òkú rẹ̀ lọ. A ti fọ ọwọ́ rẹ̀, a sì ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ajá méjèèjì kò gba abẹ́rẹ́ rí. Alájá kan ti gbà kí oníṣègùn bá òun pa tirẹ̀, èkejì ti ń kọ́ ọgbà onígi sẹ́yìn ilé rẹ̀, oníṣègùn sì ti fún ajá náà ní abẹ́rẹ́. Àwọn tó ní kí a pa gbogbo ajá ti gbà kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí abẹ́rẹ́ bá lè dé láìpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: báwo ni a óò ṣe mọ̀ pé a ti dé méje nínú mẹ́wàá náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye ajá tó wà nílẹ̀?


Oníṣègùn Ẹranko tún kọ̀wé pé:

Inú mi dùn sí ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹ rí i pé kò pa ọjọ́ kankan jẹ nínú abẹ́rẹ́ tó kù.

Ní ti kíkà, ẹ yan ẹni méjì tó mọ gbogbo ilé, kí wọ́n mú ìwé kan, kí wọ́n sì gba ojúlé dé ojúlé ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ alájá, iye ajá, akọ tàbí abo, àwọ̀ rẹ̀, àti ọmọ tó ń mu ọmú lọ́wọ́. Kí wọ́n béèrè ọmọ ajá lọ́tọ̀, nítorí àwọn ènìyàn kì í ka ìyẹn mọ́ ajá. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, gbogbo ajá tó bá gbà á yóò ní àmì kan tí ojú lè rí láti òkèèrè, ìbáà jẹ́ ọ̀já aláwọ̀ kan lọ́rùn tàbí ọ̀dà lára, yàtọ̀ sí káàdì tí alájá yóò gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ẹni méjì náà rin gbogbo ọ̀nà abúlé àti ọ̀nà oko já, kí wọ́n ka ajá tó ní àmì àti èyí tí kò ní in. Bí àwọn tó ní àmì kò bá tó méje nínú gbogbo mẹ́wàá tí wọ́n rí, kí ẹ ránṣẹ́ sí wa kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí a padà wá nítorí àwọn tó ṣẹ́kù.

Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ tí ẹ óò máa ṣe é lọ́dọọdún, 28 September dára. Ọjọ́ náà ni Pasteur kú ní 1895, òun náà sì ni gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ dìgbòlugi láti 2007, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n sì ti máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ní àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìgbà náà fún ti ọdún yìí, nítorí àrùn ti wọ ilẹ̀ yín. Ẹ kọ̀wé lọ́la. Kí ìwé tí ẹ fi ka ajá sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó máa kọ gbogbo ọmọ ajá tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọjọ́ abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ alájá wọn, nítorí àwọn wọ̀nyẹn ni a óò kọ́kọ́ pè nígbà tí a bá tún dé.